Ológbò Ọwọ́-Fúyẹ́ Bímọ Sórí Gáùn Ìyàwó

Ẹjọ́ ológbò ló gba àárọ̀ àná lọ́wọ́ wa ní ààfin. Aránṣọ kan ló pe onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ pín ògiri kan lẹ́jọ́. Ọwọ́-Fúyẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ yìí, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í wúwo lórí ẹni. Kábíyèsí jókòó, ìjòyè mẹ́ta jókòó tì í, ó ní kí aránṣọ sọ tẹnu rẹ̀.

"Kábíyèsí, gáùn funfun ni mo rán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lára. Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ológbò bàbá yìí ti bímọ márùn-ún sórí rẹ̀. Ọjọ́ kejì sì ni ìgbéyàwó."

"Kí wá ni ìyàwó wọ̀?"

"Gáùn àbúrò rẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ó fún un débi pé kò lè mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkọ rẹ̀, orí ló mì."

Kábíyèsí kọjú sí onígbàjámọ̀. "Ológbò mélòó lo ní?"

"Ẹyọ kan, Kábíyèsí."

"Mo ka mọ́kànlélógún lórí òrùlé wa láàárọ̀ yìí," ni aránṣọ wí.

"Ẹyọ kan ni mo ní. Àwọn yòókù, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n ti dàgbà, kálukú ti ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ṣé èmi ni mo fún wọn lóyún ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Fúyẹ́ ní òun ní ẹlẹ́rìí. Káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde.

"Ẹyọ kan ló ní, Kábíyèsí. Èmi tí mo ń jẹun nílé rẹ̀ lójoojúmọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Iṣẹ́ wo lo ṣe fún un kẹ́yìn?"

"Àpótí ni mo kàn fún ológbò náà. Oníyàrá mẹ́jọ."

"Yàrá mẹ́jọ, fún ológbò kan?"

Káfíńtà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo àjà.

"Ó fẹ́ràn kó máa pààrọ̀ yàrá, Kábíyèsí."

Wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n pe dókítà ẹranko, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì tó dé àdúgbò.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn abo kí wọ́n má bímọ mọ́, kí n sì tẹ àwọn akọ lọ́dàá. Ọ̀fẹ́ ni. Mo ṣàlàyé pé abo kan lè bí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, àti pé bí àwọn ọmọ náà bá ti ń tó oṣù mẹ́fà, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló fi fèsì?"

"Wọ́n ní àwọn kì í gba ayọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ọlọ́mọ. Ìyẹn ti abo. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ akọ, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi mu."

"Inú ara mi ni mo ti gbọ́ ọ, Kábíyèsí," ni Ọwọ́-Fúyẹ́ wí. "Ọkùnrin ni mo jẹ́."

Ìjòyè tó jókòó lápá ọ̀tún rọra gbé ẹsẹ̀ kan lé ekejì.

"Mi ò sì fi wọ́n jìyà," ni Ọwọ́-Fúyẹ́ tún ní. "Ẹni tó bá wá gé irun, màá fún un ní ọmọ ológbò kan mú lọ sílé. Gbogbo wọn ló rílé gbé. Ẹ bi ìyàwó mi."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

"Òótọ́ ni bàbá àwọn ọmọ mi ń sọ, wọ́n ń pín in. Àwọn èèyàn sì ń gbà á, nítorí bàbá ṣì mú abẹ dání lórí wọn. Lóṣù tó kọjá, mo lọ da ilẹ̀ nù ní ààtàn, mo gbọ́ ohùn nínú àpò sìmẹ́ńtì. Ọmọ ológbò méje, àwọn tí bàbá pín fún oníbàárà ni. Òjò ti pa wọ́n. Méjì ló ṣì ń mí, mo gbé méjì yẹn wálé. Mo sin márùn-ún. Mi ò sọ nílé. Bí bàbá bá bi oníbàárà pé ológbò ńkọ́, oníbàárà á ní ó ti sanra."

Ọwọ́-Fúyẹ́ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Méje?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kábíyèsí kọjú sí àwọn tó jókòó tì í. "Ẹ̀yin ìjòyè mi, ta ló ti gba ọmọ ológbò lọ́wọ́ ọkùnrin yìí rí nínú yín?"

Ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gòkè, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

"Wọ́n dà?"

"Tèmi sọnù, Kábíyèsí."

"Tèmi lọ kí ìyá rẹ̀, kò tíì dé."

Ẹni kẹta ní ìyàwó òun ló mọ̀.

"Aránṣọ, márùn-ún orí gáùn ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ kó wọn síta, àmọ́ ọ̀kan ti sùn sórí sísọ́ọ̀sì mi. Eyín ni mo fi ń gé òwú báyìí."

"Ó tó," ni Kábíyèsí wí. "Aránṣọ, ìyẹn ti yàn ọ́, tìrẹ ni. Ẹ̀yin ìjòyè, bí dókítà bá ti ṣe tán lára àwọn ológbò yìí, kí kálukú yín mú ẹyọ kan. Lóṣooṣù, ẹ ó gbé wọn wá síbí kí n rí wọn láàyè. Èyí tó bá tún lọ kí ìyá rẹ̀, ẹni tó ni ín á di ẹrù tirẹ̀ náà, á lọ dúró níbẹ̀ títí wọ́n á fi jọ dé. Ẹni yòówù tó bá fẹ́ gba ìyókù, ìyàwó Ọwọ́-Fúyẹ́ ló máa kọ́kọ́ lọ wo ilé rẹ̀. Ọwọ́-Fúyẹ́, láti ọ̀la lọ, ìwọ ni wàá máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, títí kò fi ní ku ẹyọ kan. Wàá jókòó ti akọ kọ̀ọ̀kan, wàá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí iṣẹ́ á fi parí."

Òógùn bo Ọwọ́-Fúyẹ́. "Ṣé kò ní dùn wọ́n, Kábíyèsí?"

"Rárá, bàbá," ni dókítà dáhùn. "Màá fún wọn lóògùn, wọ́n á sùn lọ fọnfọn."

"Èmi ńkọ́?"

Kábíyèsí wo dókítà. "Akọ mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ẹ má fún un lóògùn kankan," ni Kábíyèsí wí, ó sì dìde. "Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀."