Opó Egbin Ọ̀nà Malete

Ẹjọ́ kan dé ààfin Alángùá, olórí àdúgbò, lánàá, ó le débi pé ògì kókó òwúrọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tutù síwájú wọn. Dókítà Saeedah ló pe ẹjọ́. Òun ló ń rí sí bí àwọn ẹranko tó ṣọ̀wọ́n ṣe ń gùn, tí wọ́n sì ń bí sí i, ní ọgbà ẹranko ọ̀nà Malete. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Alfa Salahudeen, tó ń tọ́jú egbin níbẹ̀. Inú ń bí obìnrin náà, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Bàbá, egbin kan ṣoṣo ló kù fún wa, abo ni. Akọ rẹ̀ kú. Mo bẹ ọgbà ẹranko kan lókè Ọya títí wọ́n fi yá wa ní akọ. A wádìí ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, òun àti abo kò bára tan. Ọ̀la ló ń padà, Alfa kò sì jẹ́ kó fojú kan abo."

"Kí ló dé?" Alángùá bi Alfa.

"Opó ló ń ṣe, Bàbá."

"Ta ni?"

"Egbin. Ọkọ rẹ̀ kú, tákàbá opó rẹ̀ kò sì tíì pé. Mo ti fi ẹní yí ọgbà rẹ̀ ká kí ọkùnrin má baà máa wò ó."

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Saeedah kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Abo náà ti ń darúgbó. Bí àsìkò yìí bá kọjá, ìran egbin ọgbà náà parí nìyẹn, gbogbo làálàá rẹ̀ sì wọmi.

"Alfa, ẹranko ni."

"Dókítà, bó bá ti lóyún fún olóògbé ńkọ́? Ọmọ ta la ó pè é?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kò bi í."

Alfa pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Hàúwà tó ń kó koríko wá fún egbin.

"Òótọ́ ni Alfa sọ," Hàúwà ní. "Ó ń ṣọ̀fọ̀. Kò jẹun mọ́. Ojú kan ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́."

"Níbo?" Alángùá bi í.

"Níbi ihò tó wà lára ẹní."

"Kí ló wà lẹ́yìn ihò?"

Hàúwà wolẹ̀. "Akọ tuntun ni, Bàbá."

"Ta ló lu ihò náà?"

"Abo náà ni. Ó jẹ ẹ́."

"O ní kò jẹun."

"Kò jẹ koríko, Bàbá. Ẹní ló ń jẹ."

Danjuma tó kó akọ wá láti òkè Ọya dìde. "Ránkadédé, ẹ̀mí yín á gùn, akọ tèmi kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Sùúrù ló fi ń dúró."

"Ta ló wá fọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò yín?" Saeedah bi í.

"Òun ni. Ṣùgbọ́n ó fi sùúrù fọ́ ọ."

Alángùá kọjú sí Alfa. "Nígbà tí olóògbé fẹ́ abo yìí, ta ló so yìgì wọn?"

"Kò sẹ́ni tó so ó."

"Ta ló gba sàdáàkì?"

"Kò sí, Bàbá."

"Kò sí yìgì, kò sí opó."

Alfa lanu sílẹ̀. "Ṣé ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ láìsí yìgì?"

"Ojú rẹ ni. Ta ló tọ́ olóògbé?"

"Èmi ni." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Ọwọ́ mi ló ti mu wàrà. Yàrá mi ló ń sùn títí ìwo fi yọ lórí rẹ̀."

Ìgbà yìí ni Saeedah ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí ọrùn Alfa ti gbẹ tó. Ó ti wá akọ tuntun kiri, kò sì rántí láti kí ọkùnrin yìí kú ọ̀fọ̀ rárá. Ojú tì í gan-an.

"Opó wà nínú ẹjọ́ yìí," Alángùá ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe egbin. Kí abo bọ́ sọ́dọ̀ akọ lónìí. Danjuma kò gbọdọ̀ lọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Alfa, ìwọ lọ jókòó opó sílé. Má fín lọ́fíńdà, má sì dé ọgbà títí abo yóò fi bímọ."

Saeedah kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e."

"Ṣebí ìwọ lo pè é lẹ́jọ́."

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá tún kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ta ni yóò fún ọmọ ní wàrà?"

Alángùá ronú díẹ̀. "Ó dáa, kó máa wá. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bẹ akọ tuntun. Danjuma ni yóò túmọ̀, torí Hausa ni akọ náà gbọ́."

Alfa nu ojú. "Bàbá, bó bá bímọ, ṣé a ó sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ìwọ ni yóò sọ ọ́."

"Àgbò ńkọ́?"

"Àgbò kẹ̀? Ṣé ìbátan ọmọ lo fẹ́ pa lójú ìyá rẹ̀? Ẹ̀wà ni kí ẹ sè."