Ìṣirò Prasojo Lára Ògiri

Bí wọ́n bá ń fi fáàrí tan iná, Prasojo nìkan ì bá tan gbogbo ìlú Klaten. Ọdún mẹ́ta péré ló lò nílé ẹ̀kọ́ ní ìlú ńlá, ó padà dé, kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn-án sọ mọ́ ju ìṣirò iná mànàmáná lọ. Bó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, yóò ṣírò. Bó bá bá ọ níbi òkú, yóò ṣírò!

Ìyá Sumiyem tó ni ilé ẹ̀rọ ìrẹsì ra ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa yí fáànù ńlá, kí fáànù lè máa fẹ́ èèpo ìrẹsì síta. Ó ní bí Prasojo bá lè so ó kó ṣiṣẹ́ láìyọnu lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, òun yóò fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ, kí Bàbá Tukijo, tó ti ń tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe láti ogún ọdún, lọ sinmi nílé. Ni Prasojo bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò kún ògiri láti òkè délẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé tumpeng kalẹ̀, ìrẹsì pupa rúsúrúsú tí wọ́n mọ ṣóńṣó bí òkè. Ẹni tí wọ́n bá bu ṣóńṣó orí rẹ̀ fún ni ẹni iyì ọjọ́ náà. Prasojo ti wẹ ọwọ́ sílẹ̀ dè é.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "agbára iná yìí ń yí po nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ò lè bá a, yóò fi ọgọ́ta rẹ̀yìn. Òjìlélégbèje ló kù! Bó bá lé, bó bá dín, ẹ fá orí mi kodoro!"

Bàbá Tukijo fi àkísà nu òróró ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, kó o tó fi bẹ́líìtì so ẹ̀rọ mọ́ fáànù, jẹ́ ká tan án wò fìrí, ká mọ ibi tó ń yí sí."

"Bàbá, ohun tí wọ́n ti ṣírò ni wọ́n tún ń tọ́ wò? Lóòótọ́, abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n oníṣirò kì í béèrè!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó fi bẹ́líìtì so wọ́n pọ̀, ó tan án.

Yéè! Fáànù kò fẹ́ èèpo síta o. Òkìtì èèpo tó wà lẹ́yìn ilé ló ń fà wọlé! Èèpo bo tumpeng, ó bo adìẹ sísun, ó bo fìlà olórí abúlé. Ìyá Sumiyem la ẹnu láti kígbe, èèpo gba ibẹ̀ wọlé. Prasojo kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Aago tó ń ka ìyí ló tẹjú mọ́.

"Òjìlélégbèje géérégé!" Ó ń fò sókè. "Kò lé, kò dín! Kí ni mo wí?"

"Ẹ̀yìn ló ń yí sí, òmùgọ̀!" Ìyá Sumiyem tu èèpo jáde. "Pa á!"

Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó dojú kọ ògiri, ó ń wá ibi tí ìṣirò ti yẹ̀. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Nígbà tí ògiri kún, ó bọ́ sára ilẹ̀kùn. Níkẹyìn ó yíjú padà, òógùn bò ó.

"Mo ti rí i! Ẹ̀rọ yìí ni kò dáa. Ẹ jẹ́ ká dá a padà fún ẹni tó tà á!"

Fáànù ti ń fẹ́ èèpo síta tipẹ́, Bàbá Tukijo sì ti jókòó.

"Wáyà mẹ́ta ló gbé iná wá," ni bàbá wí. "Mo pa á, mo pààrọ̀ ipò méjì nínú wọn, mo tún tan án. Ìṣirò rẹ dáa, ọmọ mi. Bó ṣe ń sáré tó ló sọ, kò sọ ibi tó ń lọ."

Ìyá Sumiyem gbọn èèpo kúrò lórí tumpeng, ó bu ṣóńṣó rẹ̀ fún Bàbá Tukijo. Prasojo na ọwọ́ tó ti wẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹkúntẹkún, ó ń gbá, ó ń gbá, èèpo kò kúrò. Bàbá Tukijo wò ó títí, àánú ṣe é, ó rọra sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, yí i padà. Ìdí rẹ̀ lo fi ń gbálẹ̀."