Ìkòkò Tó Ń Sọ Pé Ata Kò Tó

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná? Ẹ ó ní torí pé ẹni tó bá fẹ́ gbádùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jìyà. Irọ́ ni. Ìyẹn ni wọ́n fi ń tan ọmọdé kó lè gbálẹ̀. Ìkòkò kan wà tó jẹ ata ní ti gidi, mo sì mọ ilé tí wọ́n gbé e sí.

Ní ìlú Ìdó-Amọ̀, amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ohun tí ẹlòmíì bá dànù, Àwẹ̀ró kò lè rí i kó má ṣà á. Bí ìkòkò bá jò nídìí, á tún dá a lu sí i, á di ajere. Bó bá ku ọrùn ìkòkò nìkan, á fi amọ̀ tún etí rẹ̀ ṣe, á di ohun tí wọ́n ń gbé ìkòkò omi lé kó má baà yí. Ọkọ́ tó ti jẹ tán, á rì í mọ́ amọ̀, á di ohun tí wọ́n ń gbé fìtílà kọ́. Ọkọ rẹ̀, kó tó di olóògbé, kì í bọ́ bàtà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àpáàdì ló fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ amọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún un yín: amọ̀ nìkan kì í dúró nínú iná, á sán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gún àpáàdì àtijọ́ kúnná, tí wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, kí èyí tó ti rí iná rí lè kọ́ èyí tí kò rí i rí. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀. Bí o bá ṣa àpáàdì ní ààtàn, o gbọ́dọ̀ wádìí ilé tó ti wá àti ohun tó fọ́ ọ. Èyí tó ṣubú kò léwu. Èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ níbi tí o ti bá a.

Nígbà tí ìgbéyàwó Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, ku ọjọ́ márùn-ún, ìkòkò ọbẹ̀ tó yẹ kó wà nínú ẹrù ìyàwó kò tíì sí nílẹ̀. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, àpáàdì ilé sì ti tán. Àwẹ̀ró gba ààtàn lọ ní ọ̀sán gangan, àsìkò tí ẹnikẹ́ni kì í dé ibẹ̀. Ó rí àpáàdì dúdú kan tó ń dán, gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀, wọ́n tò ó yípo bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jókòó sáàárín. Àwọn adìyẹ ń tan ilẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dé ibẹ̀. Ara fu Àwẹ̀ró, ó sì béèrè pé, "Ta ló fọ́ ọ?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Ó ní òun ṣubú ni." Ló bá kó o sínú agbọ̀n.

Bó ṣe ń gún un, ó ń sín, omi ń dà lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń gún ata gbígbẹ. Ó ní eruku ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí ìdí ìkòkò, torí ìdí ló ń jìyà jù lórí ààrò. Níbi tó ti ń sun ún, òjò dé, iná kú. Ara ìkòkò ti pupa dáadáa, ìdí nìkan ló ṣì rí bí amọ̀ tútù. Àwẹ̀ró nù ún, ó ní, "Yóò jiná nílé ọkọ."

Ìbídùn gbé ìkòkò dé ilé Adéòtí, ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ se ọbẹ̀, ó lọ ata mẹ́wàá, ó dà á sínú ìkòkò, ó yíjú láti fẹ́ iná. Nígbà tó padà wò ó, inú ìkòkò mọ́ bí àwo tí ajá lá. Ó rò pé òun gbàgbé ni. Ó lọ òmíràn, ó dà á sí i. Ó gbọ́ "ṣíííì", bí ẹni tí ata ta lẹ́nu tó ń fa afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá arúgbó kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ata kò tó."

Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Ìbídùn, ó wò ó pé ta ni ì bá tún jẹ́? Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá," ó sì tún lọ ata.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni nǹkan rí bẹ́ẹ̀. Ata tí wọ́n so mọ́ àjà tán. Èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ ará àdúgbò tán. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bu ọbẹ̀, funfun ni. Ìyá Adéòtí á tọ́ ọ wò, á ní, "Ìyàwó, ata dà?" Adéòtí á máa wo àjà, á máa jẹun. Nígbà tí agbọ̀n ata kan odidi tó ti oko dé kò lò ju ọjọ́ méjì lọ, Ìyá Adéòtí ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró pé, "Ẹ wá mú olè yín. Ó ń kó ata wa lọ tà."

Nígbà tí Àwẹ̀ró dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé ẹrù Ìbídùn sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà ti sunkún, ojú rẹ̀ wú.

"Ìyá mi, mò ń lọ̀ ọ́. Mò ń dà á sí i. Bí Màmá bá ṣe ní kò tó, mo tún ń lọ òmíràn."

Ìyá Adéòtí ní, "Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ pé kò tó?"

Àwẹ̀ró ní kó lọ ata lójú àwọn. Ìbídùn lọ̀ ọ́, ó dà á sí ìkòkò tó wà nílẹ̀, láìsí iná. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ata náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí lọ́ra lọ́ra, ó ń kéré sí i, títí ìdí ìkòkò fi fà á mu tán. "Ṣíííì." Lẹ́yìn náà, "Ata kò tó."

Ìyá Adéòtí di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú. Ó ní, "Àna mi, ohùn Ìyá Àjàó nìyẹn!"

Ìyá Àjàó ti kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ilé tó ti jẹun rí tí kò sọ ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló sì sọ kẹ́yìn lórí àkéte. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ìkòkò rẹ̀, wọ́n sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ ní ààtàn kí ìyá náà má baà wá a padà wálé. Ìyá Adéòtí ní, "Èmi fúnra mi ni mo bá wọn tò ó."

Ìtìjú bo Àwẹ̀ró. Ì bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ó wo ẹrù ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi kò jalè. Èmi ni mo ṣà á. Mi ò wádìí."

Ìyá Adéòtí ní, "Ẹ fọ́ ọ, kíá!"

"Ìkòkò ẹrù ìyàwó? Bó bá fọ́ kí oṣù tó lé, ẹ mọ̀ pé ọmọ mi kò ní ilé ọkọ mọ́."

Àwẹ̀ró dojú ìkòkò dé, ó fọwọ́ pa ìdí tí kò jiná náà. Ó tutù, ó tutù ju ilẹ̀ lọ. Ó mọ̀ nígbà náà pé omi ọbẹ̀ kò jẹ́ kí iná dé ibi tí ìyá náà jókòó sí. Ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ata..." Inú bí Àwẹ̀ró.

"Ìyá Àjàó, ẹ gbọ́ o! Ìkòkò tí yóò jẹ ata nílé ọmọ mi, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná!"

Wọ́n kó igi jọ, wọ́n gbé ìkòkò òfìfo kaná. Bó bá sán, ó parí. Ìkòkò ké "kẹ̀!" Ìbídùn di ìró ìyá ọkọ rẹ̀ mú láìmọ̀, ìyá náà kò sì já a gbà.

"Ó gbóná," ni ohùn náà wí.

Àwẹ̀ró fi igi kún un.

"Ó gbóná o!"

Ó tún fi kún un. Ìdí ìkòkò ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó pupa bí epo. Ohùn náà wá lọgun pé, "Ó tó! Ata tó! Ó tó mi o!" Láyé àti lọ́run, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Ìyá Àjàó rí. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ìkòkò kò sán.

Ìyá Adéòtí fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù ìyàwó padà wọlé. Ìbídùn se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ata mẹ́ta péré ló fi sí i. Láti fi bẹ ìyàwó, ìyá ọkọ ní òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ, ó sì bu òkèlè ńlá. Kò sẹ́ni tó ronú pé ata ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kò kúrò nínú ìkòkò yẹn. Ìyá Àjàó ló lọ, kò gbé ata lọ.

Nígbà tí àwọn obìnrin dé odò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá Ìyá Adéòtí tó jókòó sínú omi dé ìbàdí, tó ń wo ọ̀ọ́kán.

"Ìyá wa, kí ló dé?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tẹ̀ lé e, tirẹ̀ á gbóná kẹ́yìn."

Ọ̀wọ̀ àgbà ni kò jẹ́ kí wọ́n máa pa apá kejì òwe náà láàárín ìlú. Ibi tí wọ́n ń bá a dé ni ẹ̀yin náà mọ̀: ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.