Bí Kúta Ṣe Wọ́ Akíntìmẹ́yìn Níwájú Àna

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó so okùn mọ́ ìdí, omi ọbẹ̀ ni yóò lá? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri lásán ni. Ahun ọkùnrin kan ló fà á, inú ṣì ń bí mi sí i.

Ní abúlé Ìdí-Àgbọn létí òkun, òfin kan ṣoṣo ló wà lórí ẹja: ẹni tó bá ti fọwọ́ kan okùn nígbà tí wọ́n ń fa ẹja gòkè, ó ní ìpín. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn òfin yìí tó Akíntìmẹ́yìn, bí ẹja bá ti jẹ́ ti ẹlòmíràn. Á sáré débẹ̀, á fi ìka kan tọ́ okùn, á sì tẹ́ abọ́. Bí wọ́n bá bú u, á ní, "Ṣé ìka kì í ṣe ọwọ́ ni?" Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń ru ìtìjú náà délé.

Lọ́dún kan, ìjì jà fún ọjọ́ márùn-ún, ọkọ̀ kankan ò ṣí. Ọjọ́ kẹfà gan-an ni àwọn àna ń bọ̀ láti òkè wá tọrọ Jọláadé, ọmọbìnrin Akíntìmẹ́yìn, àkọ́bí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ egungun ẹja lásán ò sí nílé. Ilé apẹja, kí wọ́n fi ọbẹ̀ òfìfo gba àna! Rẹ̀mílẹ́kún gbé omi ọbẹ̀ kaná, ara rẹ̀ ò balẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bí ìjì bá ti lọ, ẹja ńlá máa ń sún mọ́ etí omi wá jẹ ohun tí ìgbì rú sókè. Orí yanrìn ni màá dúró sí mú un."

"Pe èèyàn mọ́ra o, Bàbá Jọláadé."

"Kí wọ́n wá pín in? Orí mi ò dàrú!"

Ló bá fi akàn há ìwọ̀ lẹ́nu, ó jù ú sókun, ó so ìdí okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀ ní kókó mẹ́ta. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo sánmà, kí ẹni tó bá ń kọjá má baà mọ̀ pé ó ń pẹja.

Kúta kan, ẹja òkun eléyín ṣóńṣó, tó gùn jù ú lọ, gbé ìwọ̀ mì.

Gbì! Ọkùnrin fìdí jókòó, ó ń wọ́ lọ sínú òkun, ó ń fọwọ́ méjèèjì ha yanrìn. Rẹ̀mílẹ́kún figbe ta, Bàbá Àyẹ̀ní, olórí àwọn apẹja, kó èèyàn dé.

"Ẹ má fọwọ́ kan okùn!" ni Akíntìmẹ́yìn ń ké. "Ẹ fà mí ní ṣòkòtò!"

Wọ́n fa ṣòkòtò. Ṣòkòtò ya, ó dé ọwọ́ wọn. Ọkùnrin ń bá tiẹ̀ lọ.

Àfi bí àwọn àna ṣe yọ láàárín igi àgbọn, tàwọn ti iṣu lórí.

"Ẹ̀yin ará ibí, ta nìyẹn?"

"Bàbá ìyàwó yín ni," Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. "Ẹ sọ iṣu kalẹ̀, ẹ wá fa okùn!"

Gbogbo wọn fà á, títí kan ìyá ọkọ ìyàwó. Akíntìmẹ́yìn kọ́kọ́ gòkè, kúta tẹ̀ lé e.

Bàbá Àyẹ̀ní pín ẹja. Àna gba tiwọn, Rẹ̀mílẹ́kún gba tirẹ̀, ó dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Akíntìmẹ́yìn ró ìró ìyàwó rẹ̀, ó tẹ́ abọ́.

"Ìwọ kẹ̀?" ni Bàbá Àyẹ̀ní wí. "O fọwọ́ kan okùn?"

"Bàbá, odindi ara ni mo fi kàn án!"

"Ọwọ́ ni mo bi ọ́." Baba na ọ̀pá sí ilẹ̀, níbi tí ipa ìka mẹ́wàá ti fa ilà gbọọrọ dé etí omi. "Ibi tí ọwọ́ rẹ wà rèé. Àbí ìka kì í ṣe ọwọ́ mọ́?"

Bí àwọn àna ṣe gba Jọláadé nìyẹn, tí wọ́n ń pọ́n ìka lá. Bàbá ìyàwó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ìró, ó ń fi òkèlè wá ẹja tí kò sí nínú abọ́ rẹ̀.

"Rẹ̀mílẹ́kún, fún mi ní ìrù nìkan."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n má pín in."

Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Bí ẹ bá tún rí ahun tó fẹ́ dá nìkan jẹ, ẹ má wulẹ̀ bá a jà. Ẹ sáà sọ fún un pé ẹni tó so okùn mọ́ ìdí, omi ọbẹ̀ ni yóò lá.