Ìyá Tó Bí Ọmọ Mẹ́fà Lọ́dún Kan

Ọjọ́ kan wà tí n kò ní gbàgbé bí mo tilẹ̀ darúgbó débi pé n kò mọ orúkọ ara mi mọ́: ọjọ́ tí mo kó ọmọ ìyá jọ lọ fún àwọn dókítà ní Plateau, nílùú Abidjan.

Àgádágodo ni mò ń tà ní Adjamé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi Jóṣúà, ọmọ bàbá mi, ọmọ ìyá mi, ní jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Sìgá tó ti fà kún inú gbaka kan, bọ́ọ̀sì kékeré tí à ń wọ̀ ní Abidjan. Àìsàn náà kò dúró sínú àyà, ó ti sún dé egungun ìbàdí, ilé ìwòsàn tí à ń lọ sì ti ní kí a máa gbé e lọ sílé.

Dókítà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Félicité, ọmọ àwọn ará Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí sí Abidjan. Ó ní àwọn ń wá ohun tí ènìyàn ń jogún lára òbí, tó ń mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹnìkan jókòó sójú kan, kí ti ẹlòmíràn sì máa rìnrìn àjò. Áà! Èmi tí mò ń fi ìwé hàn ní gbogbo bodè láti Sẹ̀mẹ̀ dé Noé, àìsàn wá ń kọjá, ẹnikẹ́ni ò dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ ìyá aláìsàn ni wọ́n fẹ́. Bí a bá mú un wá, ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn yóò tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi nìkan ni mo wà nítòsí. Àwọn méjì tó kù wà nílé, ní Nàìjíríà. Ta ló fẹ́ dúró de ìyẹn? Ṣebí ní Abidjan, ẹni tó bá ti ìlú wa wá, ọmọ ìyá ni. Bí ọlọ́pàá bá mú ọ̀kan, ohun tí à ń lọ sọ ní àgọ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń fi orúkọ rẹ̀ gba ìwé fún ẹni tó tẹ̀lé e, orúkọ kan náà la sì ń jẹ́ káàkiri ọjà. Mo ṣa ọkùnrin márùn-ún. Mẹ́ta ni wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni mí, mo fi èènì sí i. Mo kọ́ wọn nínú gbaka pé Débórà ni ìyá wa, ó sì ti kú.

Wọ́n gba carte de séjour wa, ìwé ìgbélùú, wọ́n tò ó sórí tábìlì bí ẹni ń ta káàdì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wò. Akọ̀wé tó ṣe ìwé fún wa mà ń fi ọdún kan náà sí ti gbogbo ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀! Félicité túmọ̀ ohun tí òyìnbó wí: ó ní kí a bá òun kí ìyá wa kú iṣẹ́.

Mo ní ìbejì wọ́pọ̀ nínú ìran wa. Ó béèrè bóyá ìgbà mẹ́ta lọ́dún kan. Kí n tó fèsì, Sámúẹ́lì tó ń ta sálúbàtà ti dá a lóhùn pé òun yóò jíṣẹ́ náà fún màmá bí òun bá délé lọ́dún Kérésì. Màmá tí a sin nínú gbaka láàárọ̀ ọjọ́ náà!

Félicité kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tanti, bí ẹ bá parọ́ fún ọlọ́pàá, ọlọ́pàá nìkan lẹ tàn. Bí mo bá da ẹ̀jẹ̀ àwọn wọ̀nyí mọ́ ti tonton, ẹ̀gbọ́n yín, a ò ní rí ohun tí à ń wá láéláé. Ó sì lè wà lára ẹ̀yin náà, lára àwọn ọmọ yín."

Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ránṣẹ́ sílé lọ́wọ́ awakọ̀. Ọjọ́ kẹtàlá ni àwọn ọmọ ìyá mi méjèèjì dé, ẹsẹ̀ wọn wú, èébú ni wọ́n fi kí mi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n sì gba ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ó lò ju ọdún kan lọ sí i kí ó tó sùn. Ohun tí wọ́n ń wá, wọn kò tíì rí i.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, pásítọ̀ ní kí àwọn ọmọ ìyá olóògbé wá gbé pósí. Àwọn márùn-ún yẹn ti dé ìdí rẹ̀ kí àwa tòótọ́ tó dìde. Félicité wò mí.

Mo ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e. Pósí ò ní kí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ wá."

Mo ti kọ́gbọ́n: ìwé lè bá ènìyàn parọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í báni pa á. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ìyá tó bí mẹ́fà lọ́dún kan, ẹ̀rín á pa mí títí omi á fi bọ́ lójú mi, n kì í sì í mọ irú omi tó jẹ́.