Orúkọ Mi Nínú Àpótí

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àṣejù, baba àṣetẹ́? Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò ju ọgọ́rin èèyàn lọ, gbogbo wọn ló sì wà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkirè, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ẹ má sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ná.

Èmi àti àwọn mẹ́rin kan la jọ ń kọ ìwé ìlànà fún ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń gé ohùn àti fídíò. Ọ̀fẹ́ ni; ẹni tó bá wù ú lè lò ó, ẹni tó bá sì lè tún un ṣe, kó tún un ṣe. Àṣẹ lẹ máa tẹ̀ sí i. Ẹ tẹ “gé”, ó gé. Ẹ tẹ “kó-pamọ́”, ó kó o pamọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ìwé wa, kálukú ló ń kọ orúkọ àṣẹ bó ṣe wù ú. Ẹnì kan á fi lẹ́tà tó nípọn kọ ọ́, ẹlòmíì á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì á kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé ò mọ èyí tó jẹ́ àṣẹ, kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán.

Àǹtí Oyèbísí, ọ̀gá wa, bá pè mí. “Akínbíyìí, orúkọ àṣẹ nìkan ni kí o fi sínú àpótí, kí gbogbo ẹ̀ rí bákan náà. A ó sọ fún wọn lójú ewé kìíní pé ohun tó bá ti wà nínú àpótí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà.”

Àpótí kékeré aláwọ̀ eérú tí à ń yà yí ọ̀rọ̀ ká ni, ó sì wuyì lójú mi kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà tí orúkọ àṣẹ tán, ọwọ́ mi kọ̀, kò balẹ̀. Mo fi “Ẹ kú iṣẹ́” sínú àpótí. Mo fi “Ẹ ṣọ́ra” sí i. Níkẹyìn, mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo sì kó òun náà sínú àpótí.

Àǹtí rí i. “Orúkọ tìẹ náà ti di àṣẹ ni?”

“Ẹwà lásán ni, Àǹtí.”

“Yọ ọ́ kúrò.”

“Mo ti gbọ́, mà.”

Mi ò yọ ọ́. Ohun tó ń tì mí lójú títí dòní nìyẹn: wọ́n kìlọ̀ fún mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó lo ìwé náà ni Màmá Fadérera, opó Bàbá Àjàdí, tíṣà àgbà tó kú lọ́dún tó kọjá. Kí bàbá tó kú, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta sínú fóònù, òun pẹ̀lú ikọ́ àti àkùkọ ilé. Láàárín rẹ̀, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni màmá fẹ́ gé sọ́tọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ọ níbi ìrántí ọdún kan. A ní ká bá a gé e, ó kọ̀. “Ohùn ọkọ mi ni. Èmi ni màá gé e.”

Lọ́jọ́ keje, ó tẹ̀ mí láago. “Akínbíyìí, ó ti gé o! Gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ni mo tẹ̀. Nígbà tí mo tẹ ‘Ẹ kú iṣẹ́’, ó ní òun ò mọ àṣẹ yẹn. Mo ní kó má bínú.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò béèrè ohun tó tẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé màmá tẹ “kó-pamọ́”, ẹ̀rọ sì bi í pé orúkọ wo ni kí òun fi pe ohùn náà. Màmá wo ìwé wa. Àpótí kan ṣoṣo ló kù lójú ewé náà.

Ọjọ́ ìrántí pé. Mo lọ aṣọ mi, mo jókòó síwájú, kí wọ́n lè rí ẹni tó tún ìwé ṣe. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n tan ẹ̀rọ. Lẹ́tà tó ga tó ilẹ̀kùn yọ lójú aṣọ: AKÍNBÍYÌÍ ỌLÁÒṢEBÌKAN.

Àlejò ni atọ́kùn ètò, kò mọ olóògbé rí. Ó gbójú sókè, ó kà á. “Ẹ jẹ́ ká dìde, ká gbọ́ ohùn olóògbé Akínbíyìí Ọláòṣebìkan. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.”

“Àmín!” Èmi náà ti ṣe àmín kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ìyá kan tó mọ̀ mí dáadáa, tó jókòó tì mí, wo ògiri, ó wò mí, ó gbé báàgì rẹ̀. “Ta ni mo wá jókòó tì láti àárọ̀?” Lẹ́yìn wa, ẹnì kan ti ń tẹ ìyá mi láago láti bá a kẹ́dùn.

Èyí tó dùn mí jù ni Màmá Fadérera. Ó dìde. “Ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ohun tó wà nínú àpótí ni mo tẹ̀, àfi bí ojú àgbà ò bá ríran mọ́.” Àwọn àna rẹ̀ ti ń mirí. Lọ́jọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀.

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo lè dákẹ́. Òkú kì í sọ̀rọ̀. Mo dìde. “Màmá ò jẹ̀bi. Ohun tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n tẹ̀. Orúkọ àṣẹ nìkan ló yẹ kó wà nínú àpótí, èmi ni mo ki ara mi bọ̀ ọ́.”

“Olóògbé ti ń sọ̀rọ̀ o!” ni ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, màmá náà sì rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. “Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ ká gbọ́ ọkọ mi.”

Ohùn Bàbá Àjàdí jáde, ó mọ́ gaara, àkùkọ kankan ò kọ. Màmá gé e dáadáa. Bàbá ṣàdúrà fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní: “Ohun gbogbo tí ẹ bá ń ṣe, ẹ ṣe é níwọ̀n. Àṣejù, baba àṣetẹ́.”

Gbogbo wọn wo orúkọ tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wò mí.

Ẹ ṣáà máa sọ pé àwọn àgbà ló ni òwe. Ọgọ́rin èèyàn rí orúkọ ẹni tó pa òwe náà. Mo ti yọ orúkọ mi kúrò ní gbogbo ojú ewé báyìí. Àǹtí Oyèbísí sì ti fi ìlà kan kún ojú ewé kìíní, láìfi àpótí sí i: Àṣejù, baba àṣetẹ́.