Òfin Ààfin Lórí Bẹ́árìn Ẹ̀rọ Ìgékoríko Kábíyèsí Onílápá

Gó-gó-gó! Gó-gó-gó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìlápá, ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin ilé, obìnrin ilé, ẹ gbọ́! Àlejò tó wọ̀lú lánàá, gbọ́ tìrẹ! Ẹni tó ń sùn, ẹ jí i! Ẹni tó jí tó ń ṣe bí ẹni tó ń sùn, mo rí ọ!

Èmi Láṣebìkan ni, akéde ààfin. Bàbá mi ló lu agogo yìí kó tó kàn mí, bàbá tó bí bàbá mi ló lù ú kó tó kàn án.

Mo rí i pé gbogbo yín ti wà lábẹ́ igi odán. Mo rí i pé ẹ jókòó dáadáa. Òní ni ọjọ́ iṣẹ́ ìlú, ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò ń kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ọkọ́ yín sì mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ti ń bọ̀ nísinsìnyí. Ẹ ṣeun o. Ẹ dín ìrìn mi kù. N ò ní í máa ti àdúgbò kan bọ́ sí èkejì mọ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ́árìn ló gbé mi wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Bẹ́árìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín! Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irin róbótó ni. Àárín táyà ló ń gbé. Ọmọ irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tó ń yí, kí táyà lè yí. Bó bá dára, ẹ ò ní í mọ̀ pé ó wà láyé. Bó bá bàjẹ́, gbogbo ayé ni yóò gbọ́.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹṣin Kábíyèsí kú, Ọmọba Adégòróyè tó wà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ìgékoríko ránṣẹ́ sílé, irú èyí tó ní àga àti ìdarí bíi ti mọ́tò. Ó ní kí a fi máa gé koríko pápá ilé ẹ̀kọ́. Kábíyèsí gùn ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wò ó ni. Kábíyèsí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́! Ọjọ́ tó gé etí agbádá Ọ̀tún ni wọ́n yọ abẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí epo bẹntiróò wá di ohun tí ààfin ò lè pe iye rẹ̀ sókè, wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì náà. Láti ìgbà náà, àwọn ẹmẹ̀sẹ̀ ló ń tì í kiri, ó sì ti di ẹṣin ọba. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń bá wa gé e.

Wọ́n pè é ní ẹṣin ọba, wọ́n sì ṣe é bí ẹṣin ọba. Àṣà ààfin wa ni pé kí a fi omi wẹ ẹṣin ọba kí oòrùn tó yọ. Àwọn ẹmẹ̀sẹ̀ ò fi àṣà ṣeré. Láràárọ̀ ni wọ́n ń da omi sí ẹ̀rọ yìí lára. Wọ́n ń fi kànìnkànìn bó o. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì, pàápàá ihò àárín táyà, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ló máa ń dọ̀tí jù. Omi wọ ibi tí omi kì í wọ̀. Ó gbọ́n gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀ jáde. Irin dógùn-ún. Ni táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké!

Kíín-ìn-ín-ín! Kíín-ìn-ín-ín! Bó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ará Òkè-Ọjà ti gbọ́. Bó bá dé Òkè-Ọjà, ará Ìsàlẹ̀-Àgọ́ ti dìde. Ẹ mọ ohun tí mò ń wí! Ẹni tó sùn á fò dìde, á gbé ọkọ́. Ẹni tó ń ta ayò á da ọmọ ayò sápò, á gbé ṣọ́bìrì. Ìyá Ṣubúọlá, tí n kò rí kó gbá ojúde ara rẹ̀ rí, á já ìgbálẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Kábíyèsí á kọjá. Inú Kábíyèsí á dùn. Wọ́n á padà sáàfin, wọ́n á máa sọ fún àlejò pé kò sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tó Ìlápá. Igbe náà á rọlẹ̀. Ẹ̀yin náà á sì tún jókòó.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí táyà òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ọ̀mùtí. Lọ́jọ́ ọjà, níwájú àwọn àlejò, táyà náà yọ kúrò lábẹ́ Kábíyèsí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó yí gba iwájú àwọn aláta kọjá. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà. Ọba wa dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di adé mú. Ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà! Ẹ fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí èjìká yín tó ń mì!

Ni Bísíríyù mẹkáníìkì bá dìde. Ẹ mọ ẹnu Bísíríyù. Ó ní bẹ́árìn yẹpẹrẹ ni wọ́n fi sí ẹ̀rọ náà láti ilẹ̀ òkèèrè, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ní òun yóò yọ ọ́ dànù, òun yóò fi èyí tó ní rọ́bà lójú méjèèjì sí i, tí omi ò lè wọ̀, tí iyanrìn ò lè wọ̀. Ó ní bí òun bá ṣe é tán, ọba lè gba ẹ̀yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọn kọjá kí olúwa rẹ̀ má mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Kábíyèsí lára gan-an.

Àwọn ìjòyè ní irọ́ ni. Kábíyèsí ní ta ni yóò dúró fún Bísíríyù? Ẹnu mi yá, mo ní èmi ni. Inú ló ń bí mi! Igbe táyà yẹn ti borí agogo mi. Bí mo bá lu agogo títí ọwọ́ fi bó, ẹ ò ní í jáde. Bí táyà bá ké lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yín á sáré. Ṣé táyà ni wọ́n fi joyè akéde ni?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tó wà lórí mi. Bísíríyù ti fi bẹ́árìn tuntun sí i, òní sì ni ọjọ́ ìdánwò. Bí etí kan ṣoṣo bá gbọ́ igbe bẹ́árìn nílùú yìí lónìí, wọn yóò gba agogo ìdílé mi, wọn yóò so ó mọ́ iwájú ẹ̀rọ náà, kí ó máa kéde ara rẹ̀. Bísíríyù wà láàfin. Wọn ò dè é, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba bàtà rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ wá gbọ́ òfin o! Onílápá ló pa á láṣẹ!

Òfin kìíní. Omi! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí àárín táyà ẹ̀rọ ọba mọ́. Kì í ṣe omi tútù. Kì í ṣe omi gbígbóná. Kì í ṣe omi tí ẹ ní òjò ló rọ̀ ọ́ síbẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àkísà gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹmẹ̀sẹ̀ tó bá tún gbé kànìnkànìn sún mọ́ ọn, òun gan-an ni a ó máa fi kànìnkànìn wẹ̀ láràárọ̀, níwájú àwọn àna rẹ̀.

Òfin kejì. Ọ̀rá! Gírísì ni oúnjẹ irin. Gírísì! Kì í ṣe epo pupa. Kì í ṣe òrí. Kì í ṣe àdín. Bẹ́árìn tuntun ti gbé gírísì tirẹ̀ wá láti ilé, rọ́bà sì ti pa á dé. Ọ̀pá irin tó gba àárín rẹ̀ kọjá nìkan ni kí ẹ fi gírísì pa, fẹ́ẹ́rẹ́. Olorì Àyọ̀ká, ààfin dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ọbẹ̀ tí ẹ gbé síwájú táyà lọ́jọ́sí, tí ẹ ní bóyá ebi ló ń pa á tó fi ń ké. Ọbẹ̀ náà dùn. Ajá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tún fi epo pupa kan bẹ́árìn, yóò fi ìyókù epo náà dín dòdò fún gbogbo ààfin, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Òfin kẹta... Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n nu òógùn. Oòrùn ni. Kò sí nǹkan mìíràn.

Òfin kẹta. Iyanrìn! Ààfin ti gbọ́! Ààfin ti gbọ́ pé láti ìgbà tí bẹ́árìn tuntun ti dé, àwọn kan ti ń ṣèpàdé bí yóò ṣe tún máa ké. Ará Ìsàlẹ̀-Àgọ́ ní àwọn yóò mú iyanrìn wá. Ará Òkè-Ọjà ní gààrí ni àwọn yóò mú wá, nítorí gààrí máa ń wú. Gààrí! Pẹ̀lú bí gààrí ṣe wọ́n tó! Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, yóò dúró ní ojúde ààfin, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ké kíín-ìn-ín-ín láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bísíríyù ni yóò máa tẹ́tí sí i. Bí kò bá dún dáadáa, yóò tún un ṣe lọ́la.

Ìyá Ṣubúọlá, ojú níwájú! Kí lẹ ń wá lẹ́yìn? Ohun tó wà lẹ́yìn kò kàn yín. Ọ̀rọ̀ ọba ń lọ lọ́wọ́, ẹ ń yí ọrùn kiri.

Òfin kẹrin. Ìdérí! Ike róbótó tó bo ojú bẹ́árìn òsì ti sọnù. Ààfin mọ ibi tó wà. Bàbá Fáníran ológógóró ló fi ń wọn ọtí fún àwọn aláwìn. Kí wọ́n dá a padà. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dá a padà, bẹ́árìn ọba kì í mutí. Bí wọn kò bá dá a padà, garawa ni wọn yóò máa fi wọn ọtí fún gbogbo ìlú, iye tí wọ́n ń ta ìdérí kan ni wọn yóò sì máa gbà. Mo ní kí ẹ má pàtẹ́wọ́! Ìjìyà ni!

Òfin karùn-ún. Àyẹ̀wò! Bí oṣù bá ti ń parí, kí àwọn ìjòyè fi jáàkì gbé iwájú ẹ̀rọ náà sókè. Kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n mì ín. Bó bá ń jó, bẹ́árìn ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Bísíríyù. Kí wọ́n yí i, kí wọ́n sì tẹ́tí sí i bóyá ó ń kùn. Ọ̀tún ni yóò tẹ́tí. Ẹ má sọ pé etí Ọ̀tún ti di. A mọ̀. Ipò wọn ni, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Kábíyèsí kò sì gbọdọ̀ wà lórí àga bí jáàkì bá wà lábẹ́. A ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Òfin kẹfà. Òòlù! Bẹ́árìn kì í ṣe ìṣó. Kò sí òòlù. Ó parí.

Òfin keje. Ìkìlọ̀! Bí ọba bá ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súfèé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa pe ewúrẹ́ tí kò ní. Àwọn àgbààgbà kan wá bá mi nílé. Wọ́n ní ní báyìí tí táyà ti dákẹ́, kí n jọ̀ọ́, kí n máa fi agogo ta ìlú lólobó. Wọ́n gbé àkùkọ gàgàrà kan dání. Mo gba àkùkọ náà, mo dúpẹ́, mo sì gbé e lọ sáàfin. Ó ti jẹ́rìí. Wọ́n ti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá tún gbé irú rẹ̀ wá, òun ni yóò máa ti ẹ̀rọ náà gun òkè ilé-ẹjọ́, Ọ̀tún ni yóò sì máa darí rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀.

Ó tán lẹ́nu ọba, ó tán lẹ́nu mi. Bí wọ́n ṣe dì í fún mi ni mo ṣe tú u fún yín. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ rárá, kó lọ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún Ọ̀tún. Gó-gó-gó!

Ẹ dúró ná! Ta ló ní kí ẹ dìde? Níbo lẹ fẹ́ gbà? Ẹ̀yìn yín ti dí. Ọkọ́ wo lẹ ń sáré mú? Ó ti pẹ́ jù.

Ó yá, ẹ yí padà. Gbogbo yín. Ẹ rọra yí padà.

Kábíyèsí nìyẹn. Orí ẹ̀rọ náà ni wọ́n wà. Orí òfin kejì ni mo wà nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà odò yọ, tí àwọn ẹmẹ̀sẹ̀ tì wọ́n gba ẹ̀yìn yín wá, tí wọ́n sì dúró. Ta ló gbọ́? Ẹ dá mi lóhùn! Ìyá Ṣubúọlá, ẹ̀yin tí etí yín máa ń gbọ́ ti ilé kẹta, ṣé ẹ gbọ́ kíín? Bàbá Fáníran ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò gbọ́! Ará Ìlápá, ẹ jẹ́rìí mi, ẹnikẹ́ni ò gbọ́! Agogo mi di tèmi! Ẹ lọ fún Bísíríyù ní bàtà rẹ̀! Inú mi dùn, n ò lè parọ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ fi ọkọ́ ra iyẹ̀pẹ̀ nísinsìnyí, wọ́n ti rí i. Kábíyèsí ò bínú. Wọn ò ní kí a mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n wo gọ́tà, wọ́n wo yín, wọ́n tún wo gọ́tà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún yín.

Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o.